Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: OMI LÓ Ń PA Á, KÌ Í ṢE ÒÙNGBẸ

   Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń bi mí léèrè ohun tí mo tò sínú agolo sójú fèrèsé ìsọ̀ mi, tó rí ṣóńṣó-ṣóńṣó, tí kì í ga, tí kì í sì í kú. Àwọn kan kò béèrè ní tiwọn, wọ́n kàn ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé ìyá yìí ti sọ ìsọ̀ aṣọ di oko. Ẹ̀kọ́ wa tòní, orí ewéko yẹn ló dá lé. Mi ò kọ ọ́ nítorí ẹwà nìkan. Owó àjọ mi ti bá a lọ lẹ́ẹ̀kan rí, mo sì gbọ́ pé ó tó ẹni mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa tó ń gbèrò àtirà á tà báyìí. Kí owó tiyín má baà bá tèmi lọ, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá lè kà á fúnra rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ kà á sí i létí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Lọ́dún tí mo kó àjọ mi, mo lọ sọ́dọ̀ olódòdó kan lẹ́bàá títì, mo ra ogún lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò mi ni pé tó bá di oṣù Kejìlá, àsìkò ìgbéyàwó, màá tà á fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó kí wọ́n fi fún àlejò wọn, dípò ike àti abọ́ tí gbogbo wa ti kó jọ sílé tí kò sí àyè fún mọ́. Èrò yẹn kò burú, mo ṣì gbà á gbọ́ dòní. Mo wá bi ẹni tó tà á fún mi pé báwo ni n ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ ṣáà máa bomi rin ín láràárọ̀.” Mo gbọ́ràn. Láràárọ̀, kí n tó tú aṣọ sílẹ̀, mo ti bomi rin ín. Oṣù Agẹmọ ni, òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án lóru, kò sí nǹkan tó ń gbẹ. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Èmi rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo bá tún fi omi kún omi. Nínú ogún, mẹ́rin ló kù. Aládùúgbò ìsọ̀ mi kan ní irú ọwọ́ tèmi kì í gbin nǹkan kó hù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ.

Ìgbà tí mo wá fa ọ̀kan nínú àwọn tó kú yọ kúrò nínú ilẹ̀ ni ojú mi là. Kò ní gbòǹgbò kankan mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti jẹrà, ó ń rùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ewéko tí kò ní gbòǹgbò kò lè mu omi, bí a tilẹ̀ gbé e sínú odò. Ìdí nìyẹn tí ewé rẹ̀ fi ń rọ̀ bíi ti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, nígbà tó jẹ́ pé inú omi ló jókòó sí. Bí ẹ bá mú gbólóhùn kan péré nínú ẹ̀kọ́ yìí, kó jẹ́ èyí.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ É?

Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo ewéko tó ń fi omi pamọ́ sínú ewé tàbí sínú igi rẹ̀, wọ́n ń pè é ní succulent. Wọ́n pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Èyí tí à ń sọ lónìí ni àwọn kékeré inú wọn tí ewé wọn tò yípo. Ẹ wo adé orí ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Tí ẹ bá gé e kúrò lórí èso, tí ẹ wá sọ ọ́ di kékeré bí ìkúùkù ọmọdé, tí ewé rẹ̀ sì nípọn, bó ṣe rí nìyẹn.

Oríṣi mẹ́ta ló gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń gbìn ín sínú ilé. Èkíní ni Haworthia, èkejì Echeveria, ẹ̀kẹta Sempervivum. Orúkọ yìí le lẹ́nu díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, àwọn olódòdó pàápàá kì í pè é tán.

Ẹ jẹ́ kí n ti ti ẹ̀kẹta kúrò lọ́nà. Orí òkè ilẹ̀ Yúróòpù ni Sempervivum ti wá, níbi tí yìnyín ti ń bọ ilẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn ni “ó ń bẹ láàyè nígbà gbogbo.” Ọba kan wà láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Charlemagne, nínú òfin tí wọ́n ṣe fún oko ọba ní nǹkan bí ọdún 800, wọ́n ní kí olùtọ́jú ọgbà gbin ewéko yìí sórí ilé rẹ̀. Ìgbàgbọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni pé ilé tó bá wà lórí rẹ̀, àrá kì í sán pa á. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ni Ṣàngó ń bà lẹ́rù. Àmọ́ ooru tiwa kò bá a lára mu, pàápàá ooru òru. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá tà fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ má rà á.

Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni ọ̀pọ̀ Echeveria ti wá. Ayàwòrán ará ibẹ̀ kan, Atanasio Echeverría, tó máa ń ya àwòrán ewéko, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1828. Òun ló dà bí òdòdó jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ewé rẹ̀ fẹ̀, ó máa ń ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ òféfèé, àwọn mìíràn sì pọ́n létí. Ẹyìn oòrùn ni. Ẹ gbé e sínú yàrá tó ṣókùnkùn, kò ní pé oṣù méjì tí yóò fi na ọrùn bí ẹni tó ń wá nǹkan, ewé rẹ̀ yóò jìnnà síra, ẹwà rẹ̀ á sì lọ. Ẹni tó bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀ dáadáa tí òjò kò sì ń dé, kó gbìyànjú rẹ̀.

Haworthia wá ni ti wa. Apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá, orílẹ̀-èdè South Africa ló sì pọ̀ sí jù. Ẹ gbọ́ ibi tó ń gbé: abẹ́ igbó kékeré, ìdí koríko, ẹ̀gbẹ́ àpáta. Ó ń sá fún oòrùn ọ̀sán. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ máa ń jẹ́ kí gbòǹgbò wọn fà wọ́n wọlẹ̀ nígbà ọ̀dá, orí ewé nìkan ló máa kù sókè, orí ewé yẹn á sì mọ́ gaara bíi dígí kí ìmọ́lẹ̀ lè gbabẹ̀ wọlé. Fèrèsé ló ní lórí! Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, mo rò pé omi ló dà sí i lára. Nítorí pé ibòji ló mọ̀ láti ilé rẹ̀, kò ṣòro fún un láti gbé inú yàrá àti inú ìsọ̀ tiwa.

Èyí tí ẹ rí lójú fèrèsé mi, tó ní ìlà funfun lára ewé dúdú, òun ni wọ́n ń pè ní Zebra, nítorí ẹranko onílà yẹn. Ọkùnrin ará Faransé kan, Duval, ló fún ẹbí Haworthia lórúkọ ní ọdún 1809, ó fi rántí Adrian Haworth, ará Ìlú Ọba tó fẹ́ràn ewéko àti labalábá. Ní 2013 ni àwọn onímọ̀ tún yọ Zebra kúrò nínú ẹbí yẹn, wọ́n fi í sí ẹbí tuntun tí wọ́n pè ní Haworthiopsis. Lọ́jà, kò yí nǹkan kan padà. Orúkọ àtijọ́ ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é.

ÌBÁTAN WA LÓ JẸ́

Ẹ má rò pé àjèjì pátápátá ni. Ọ̀dúndún tí gbogbo wa mọ̀, àti àbámọdá tí a bá já ewé rẹ̀ sílẹ̀ tí ọmọ yóò hù létí ewé, ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú Echeveria àti Sempervivum. Haworthia ní tirẹ̀ bá àlóè tan, àlóè tí ẹ fi ń pa ara. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ní àbámọdá lẹ́yìnkùlé rí ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí kó tó kà á.

Àbámọdá yìí ló sì tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń gbé láìsí omi. Ní ọdún 1813, ará Jámánì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, Benjamin Heyne, kọ lẹ́tà sí àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní òun tọ́ ewé àbámọdá wò láàárọ̀, ó kan gan-an. Nígbà tó di ọ̀sán, kò ní adùn kankan mọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó korò díẹ̀. Ẹnu lásán ló fi mọ̀ ọ́n! Ó pẹ́ kí àwọn tó tẹ̀lé e tó mọ ìdí rẹ̀.

Ìdí náà nìyí. Gbogbo ewé ló ní ihò wínníwínní tó fi ń mí, a kò lè fi ojú rí i. Ọ̀pọ̀ ewéko ń ṣí ihò yìí lọ́sàn-án, bí wọ́n sì ṣe ń mí ni omi ara wọn ń fẹ́ lọ. Àwọn tiwa yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òru ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn, nígbà tí oòrùn kò sí níbẹ̀ láti fa omi wọn. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fà sínú lóru, wọ́n á sọ ọ́ di oje kíkan, wọ́n á fi pamọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oje yẹn bí oúnjẹ. Ó dà bí ìyá tó ti lọ sọ́jà lóru, tó wá tilẹ̀kùn mọ́ra lọ́sàn-án tó ń dáná. Ìdí nìyí tí ewé fi ń kan láàárọ̀, tí oje náà sì ti tán lọ́sàn-án. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí wọn kì í fi í fẹ́ omi púpọ̀: wọn kì í náà án.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kí ẹ lọ máa jẹ ewé kiri o.

BÍ A ṢE Ń GBÌN ÍN

Agolo tàbí ìkòkò tí kò bá ní ihò nídìí, ẹ má gbin nǹkan sínú rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé òkúta tí wọ́n dà sí ìsàlẹ̀ ti tó. Kò tó. Omi yóò dúró síbẹ̀, gbòǹgbò á lọ bá a. Ìkòkò amọ̀ ló dára jù, irú èyí tí àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìlọrin ń mọ, nítorí pé ara rẹ̀ ń mí, omi ń gbà á jáde. Àmọ́ agolo mílíìkì tí a fi ìṣó lu ihò mẹ́rin márùn-ún sí nídìí ṣe é lò. Ohun tí mo ń lò nìyẹn. Kí ẹ má kàn gbé agolo páànù sínú oòrùn gbígbóná, yóò se gbòǹgbò inú rẹ̀. Kó má sì tóbi jù. Ìkòkò ńlá fún ewéko kékeré, ilẹ̀ tó pọ̀ nínú rẹ̀ á kàn máa mu omi pamọ́ ni.

Ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe. Ilẹ̀ dúdú tí ẹ̀fọ́ fẹ́ràn, ikú ni fún un. Tèmi báyìí: kóńgò ilẹ̀ kan, kóńgò yanrìn odò tó le kan (èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáápù sáǹdì), àti ìdajì kóńgò èédú tí a fọ́ wẹ́wẹ́ tàbí òkúta kéékèèké. Mo máa ń fọ yanrìn náà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Yanrìn kúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé kò dára, ó máa ń dì. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ má lọ bu yanrìn etí òkun, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń dán ilẹ̀ wò ni pé màá bù ú sọ́wọ́ nígbà tó bá tutù, màá fún un. Tó bá dì bí ẹ̀bà, yanrìn kò tíì tó. Tó bá tú ká, ó ti dára.

Ìgbẹ́ adìyẹ ńkọ́? Ó tì o. Yóò jó o. Ewéko yìí kì í jẹun púpọ̀. Pípààrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì ti tó o.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, àwọn ìwé tí wọ́n kọ ní Ìlú Ọba máa ń sọ pé kí a gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù. Ẹ má tẹ̀lé ìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwọn, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà jálẹ̀ ọdún. Lọ́dọ̀ tiwa, orí wa gan-an ló ń gbà kọjá; láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, apá àríwá ló tilẹ̀ máa ń wà lọ́sàn-án. Ojú fèrèsé tó dára jù fún wa ni èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn, tí oòrùn àárọ̀ rọra ń wọ̀, tó sì ti kúrò níbẹ̀ kó tó di ọ̀sán gangan. Ìwọ̀-oòrùn gbóná jù, àfi tí ẹ bá ta aṣọ fèrèsé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Ìsọ̀ tó wà láàárín láìní fèrèsé, tó jẹ́ iná mànàmáná la fi ń ríran níbẹ̀, kò lè gbà á. Ẹ gbé e sílé.

Ó wá ku omi, orí rẹ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ lé.

Ẹ má fi ọjọ́ ka omi. Ẹni tó bá ní “lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀,” irọ́ ló ń pa, nítorí pé ọ̀sẹ̀ inú ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀sẹ̀ inú òjò. Ẹ mú igi ìgbálẹ̀ kan, ẹ tì í bọ inú ilẹ̀ títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá fà á yọ. Tó bá tutù, tàbí tí ilẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ máa bá ọjà yín lọ. Tó bá gbẹ táútáú, ẹ bu omi sí i. Tí ẹ bá sì máa bu omi sí i, ẹ bù ú kó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó máa jáde nídìí, kí ẹ da èyí tó jáde nù. Ilẹ̀ ni kí ẹ bu omi sí, kì í ṣe àárín ewé níbi tí yóò ti dúró. Bíbu omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bí ẹni ń wọ́n omi sí aṣọ tó fẹ́ lọ̀, òun gan-an ló pa mẹ́rìndínlógún mi.

Lọ́wọ́ mi, nígbà ọyẹ́, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá sí ọjọ́ mẹ́rìnlá kí igi ìgbálẹ̀ tó jáde ní gbígbẹ. Nígbà òjò, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Ìwé òyìnbó tún ń sọ pé kí a dín omi kù nígbà òtútù wọn, ìyẹn oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà yẹn gan-an ni ọyẹ́ ń fẹ́, tí ilẹ̀ ń yára gbẹ. Ìgbà òjò ni kí a dín in kù ní tiwa. Ẹ sì má ṣe gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó gbé tirẹ̀ síta nígbà òjò àkọ́rọ̀ pé kó gba ìbùkún. Ìbùkún náà pọ̀ jù fún un.

Ewé fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀, ẹ kọ́ èdè rẹ̀. Tí ewé ìsàlẹ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó mọ́ bíi pé omi wà nínú rẹ̀, tó sì rọ̀, omi ti pọ̀ jù. Tó bá súnjọ, tó tín-ín-rín, tó sì le, òùngbẹ ni. Ẹ fún un lómi, yóò kún padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti fún un lómi tán tó ṣì súnjọ, ẹ fà á yọ kí ẹ wo gbòǹgbò, ó ti jẹrà nìyẹn. Tí gbogbo ara rẹ̀ bá pọ́n bí ìgbà tí epo ta sí i, oòrùn ti le jù. Tó bá na ọrùn tó sì ń ṣì, ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ewé kan tàbí méjì tó gbẹ nídìí pátápátá bíi bébà, ọjọ́ ogbó ni, ẹ já a sọnù.

Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà, kò tíì tán fún un tí àárín rẹ̀ bá ṣì le. Ẹ mú ọ̀bẹ tó mú, ẹ fi spírítì nù ún, ẹ gé gbogbo ibi tó ti rọ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tó funfun tó sì dára. Ẹ gbé e síbi gbígbẹ nínú ibòji fún ọjọ́ mẹ́rin sí ọ̀sẹ̀ kan kí ojú ọgbẹ́ náà lè gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lé orí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ẹ má sì tíì bu omi sí i. Yóò wá gbòǹgbò tuntun fúnra rẹ̀. Méjì nínú mẹ́rin tó kù fún mi, bí mo ṣe gbà wọ́n là nìyẹn.

Kòkòrò kan wà tó ń dà á láàmú, kékeré, funfun bí òwú, ìdí ewé ló máa ń sá pamọ́ sí. Tí ẹ bá ti ń rí èèrà tó ń rìn gba orí ìkòkò, ẹ yẹ ìdí ewé wò, nítorí pé èèrà fẹ́ràn oje dídùn tí kòkòrò yìí ń yọ, ó sì máa ń ṣọ́ ọ. Ẹ ti òwú bọ inú spírítì, ẹ fi nù wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kí ẹ sì gbé ìkòkò yẹn jìnnà sí àwọn yòókù.

Àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ń bi mí bóyá májèlé ni. Haworthia kì í ṣe májèlé, bí ọmọ tàbí ológbò bá já ewé rẹ̀ jẹ. Àmọ́ ẹ má ṣì í mú fún orò o, àwọn kan ń ta orò kékeré pẹ̀lú rẹ̀ lórí tábìlì kan náà. Tí ẹ bá gé orò, oje funfun bíi wàrà ló ń jáde, oje yẹn sì lè ba ojú èèyàn jẹ́. Tí ẹ bá gé Haworthia, omi tó mọ́ ló ń jáde.

TÍ Ẹ BÁ FẸ́ TÀ Á

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ọjà tó yára. Haworthia kì í sáré dàgbà. Ẹni tó bá ń wá owó tí yóò yí lọ́sẹ̀ yìí, kó máa ta tòmátì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í bàjẹ́ nílẹ̀ bíi tòmátì, tó bá ti wà ní ọwọ́ ẹni tó mọ omi rẹ̀.

Ẹ má fi gbogbo owó ra èyí tí ẹ máa tà. Ẹ ra ìyá mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n bímọ. Ìdí ìyá ni ọmọ ń gbà jáde. Tí ọmọ bá ti tó bí ìdajì ìyá, ẹ tú gbogbo rẹ̀ jáde nínú ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ rọra yà wọ́n pẹ̀lú gbòǹgbò ọmọ, tàbí kí ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé e. Ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó gbìn ín. Kí ẹ má ta ìyá. Ti Echeveria tún rọrùn: ẹ yí ewé kan títí yóò fi já ní odindi láti ìdí, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, láìpẹ́ gbòǹgbò tín-ín-rín á yọ, ọmọ á sì tẹ̀lé e. Ìbátan àbámọdá ni mo kúkú sọ pé ó jẹ́.

Nígbà tí ẹ bá lọ rà á, ẹ fi ìka mì ín díẹ̀. Èyí tó bá ń mì lọ mì bọ̀ nínú ìkòkò kò ní gbòǹgbò. Ẹ tẹ ewé ìdí rẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ní búlúù tàbí pupa fòò, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ewé tó wà lábẹ́ ọ̀dà kò rí ìmọ́lẹ̀ tó, àwọ̀ yẹn kì í sì í ṣe tirẹ̀. Èyí tí wọ́n fi gúlúù lẹ òkúta mọ́ ojú ilẹ̀ rẹ̀, ẹ fi òun náà sílẹ̀. Omi kò ní ráyè wọlé bó ṣe yẹ, ẹ kò sì ní lè fi igi ìgbálẹ̀ dán an wò. Ẹ ya àwọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sọ́tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí kòkòrò wọn má baà ran ti ilé.

Ẹ sì sọ òtítọ́ fún oníbàárà. Èmi máa ń kọ ọ́ sórí bébà kékeré, màá so ó mọ́ agolo: “Fi igi ìgbálẹ̀ wò kí o tó bomi. Oòrùn àárọ̀. Má gbé e sínú òjò.” Ká ní ẹni tó ta tèmi fún mi lọ́jọ́ sí ṣe irú bébà yẹn, ogún ni ì bá kù. Àwọn oníbàárà tó gba bébà yìí ń padà wá, wọ́n sì ń mú ẹlòmíràn bọ̀.

Mẹ́rin tó kù lọ́jọ́ yẹn ti di mẹ́tàdínlógójì báyìí, èyí tí mo ti tà kò sí níbẹ̀. Aládùúgbò ìsọ̀ mi tó sọ̀rọ̀ sí ọwọ́ mi ti gba méjì. Ó ń bomi rin wọ́n jù, mo ń wò ó.

Mo ní ọmọ Zebra mẹ́jọ tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan, kó mú agolo mílíìkì tó ti lu ihò sí nídìí wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀ kan. Agolo tí kò bá ní ihò, mi ò ní fi nǹkan sí i.